Kí Ayafọ́tò Tó Dé Ilé Iṣẹ́ Yín

Krofrom, Kùmásì,
Ní ìgbà ọyẹ́.

Mùsílíù Àkànní, ọmọ mi,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ níbi iṣẹ́, má kà á níbẹ̀. Mú un dé yàrá rẹ, bọ́ bàtà, mu omi, kí o tó ṣí i. Ó gùn, ọwọ́ mi kò sì yá. O mọ̀ pé ìwé kejì ni mo kà dé kí wọ́n tó mú mi kúrò nílé ẹ̀kọ́ pé kí n wá bá ìyá mi tajà. Bí o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, ìwọ ni akọ̀wé, bá mi tún un ṣe lọ́kàn rẹ. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi kọ ọ́. Ọkùnrin tó ń kọ lẹ́tà fún àwa ará ọjà ní Kejetia máa ń ka gbogbo rẹ̀ sókè bó ti ń kọ ọ́ lọ, àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà níbí tí ojú á tì mí kí oníbàárà gbọ́.

Ara wa dá. Ọyẹ́ ti mú, ètè gbogbo wa ti là, eruku sì ti bo gbogbo Krofrom. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo kà á kí n tó lọ kírun, mo tún kà á nígbà tí mo dé. Inú mi dùn pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe akọ̀ròyìn tòótọ́, pé orúkọ rẹ ti jáde nínú ìwé ìròyìn Ákrà. Mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹni tó bá wọlé ni mo ń ti ilẹ̀kùn mọ́ kó lè rí i.

Mo rí ibi tí o ti ní olóòtú yín fẹ́ ya fọ́tò ńlá kan, tí wọn á gbé kọ́ sára ògiri níwájú ilé iṣẹ́, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè mọ àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn náà. O ní ìwọ ni ó ní kí o ṣètò ẹni tí yóò wà nínú rẹ̀, àti pé ayafọ́tò ń bọ̀ ní ìparí oṣù. O kà wọ́n fún mi: olóòtú, igbákejì rẹ̀, ẹ̀yin akọ̀ròyìn, àti akọ̀wé tó ń gba ìpolówó. O wá ní, "Gbogbo wa pátá nìyẹn, Ìyá."

Nítorí gbólóhùn yẹn ni mo ṣe jókòó ti bébà àti yíǹkì. Gbogbo yín kọ́ nìyẹn, Àkànní. Bí ẹ bá ya fọ́tò yẹn bí o ti kà á fún mi, ẹ ó dá ọgbẹ́ sílẹ̀ nínú ilé kan náà tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọn yóò sì máa wò pé ó dá a. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọkàn búburú. Ọ̀nà iwájú lo gbà wọ ilé iṣẹ́ náà, àga àti tábìlì ló wà níwájú. Èmi, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti mọ ilé ìwé ìròyìn ti Kùmásì níbí. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọkọ, díẹ̀ ló sì kù kí n ba ibẹ̀ jẹ́ fún un. O kò sí nílé nígbà tí wọ́n so yìgì wa, o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ákrà, wọn ò fún ọ láyè. Mo kọ̀wé sí ọ pé gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa. Kò lọ dáadáa. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ wàyí.

O mọ̀ pé bébà la fi ń di iyọ̀ àti káún fún oníbàárà. Lẹ́yìn tí bàbá rẹ ti lọ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, tí mo wá ń dá ọjà ṣe, ẹnìkan sọ fún mi pé wọ́n máa ń ta bébà tó bàjẹ́ lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé ìròyìn, èyí tí yíǹkì rẹ̀ pọ̀ jù tàbí tí kò mú rárá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀. Ẹni tó máa ń kó o fún mi ni ẹni tí mo fẹ́ yìí. Òun ló wà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, òun ló ń fi òróró sí i, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń mú un ṣiṣẹ́. Ó rí i pé káún máa ń fa yíǹkì mọ́ra, ó wá ń ṣa èyí tó ti gbẹ dáadáa sọ́tọ̀ dè mí. Kò sọ pé òun ń ṣe é. Èmi kàn ń rí i pé bébà ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kun ọjà wọn, tèmi kì í kùn ún. Àdíjá tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló là á mọ́lẹ̀. Ó ní, "Rábí, bébà kọ́ ni ọkùnrin yẹn ń tà fún ọ." Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, mo ti lé lógójì ọdún, mo ní ọmọ tó ti dàgbà tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún máa lọ gba bébà, mo pààrọ̀ gèlè.

Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ti ń kọ èyí sí ọmọ mi. Fojú fò ó bí o bá fẹ́.

Bí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn, mo máa ń rí àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Pàápá Kwaku ló ń to lẹ́tà. Lẹ́tà òjé kéékèèké ni, wọ́n wà nínú àpótí ńlá kan tí wọ́n pín sí yàrá yàrá, òun a sì máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a máa tò wọ́n sínú irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, títí tí ohun tí ẹ̀yin akọ̀ròyìn kọ yóò fi di irin. Máàmè Afua ló ń ṣẹ́ bébà pọ̀ bó bá ti jáde lórí ẹ̀rọ. Orí ẹní ló máa ń jókòó sí, a máa fi eegun pẹlẹbẹ kan tẹ ojú ibi tó ti ṣẹ́ ẹ, ọwọ́ rẹ̀ a sì dúdú dé ìgúnpá. Málàmù Ísá ló ń rù ú lọ sí Kejetia ní ìdájí, kí lọ́rì Tafo àti ti àwọn ìlú òkè má baà fi í sílẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí, àti ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ. Mo ń kí wọn, wọ́n ń dá mi lóhùn, wọ́n ń pè mí ní Obìnrin Oníkáún. Mi ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa wọn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dé, àwọn àgbà wa jókòó, wọ́n bi ọkọ mi pé, "Lámídì, ta ni ènìyàn rẹ ní Kùmásì, tí a ó mú ìyàwó lọ kúnlẹ̀ fún?"

Ó dáhùn pé, "Mi ò ní ẹnìkan níbí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo wọn wà."

Kò sí ẹni tó yà lẹ́nu. O mọ̀ wá. A bí wa síbí, a ń jẹ fùfú, bí a bá lá àlá, Twi la fi ń lá a. Síbẹ̀, bí ó bá di ọ̀ràn ìgbéyàwó, tí wọ́n bá ní "ènìyàn rẹ", ìlú bàbá la máa ń rò. A ó ka àwọn tí a kò fojú rí rí, a ó sì gbàgbé ẹni tí a jọ ń mu omi nínú ìkòkò kan. Èmi náà gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ láti inú yàrá. Mo rò pé ó dára bẹ́ẹ̀, pé ìkúnlẹ̀ mi dín kù.

Ọjọ́ yìgì dé. Olóòtú wọn wá, wọ́n gbé àga onítìmùtìmù fún un. Lẹ́mọ́mù béèrè orúkọ rẹ̀, ó sì fi orúkọ náà ṣe àdúà fún un pé kí Ọlọ́run bù kún ìwé ìròyìn rẹ̀. Wọ́n fi àwo tánganran gbé mọ́sà fún un. Àwọn ará ẹ̀yìn náà wá. Wọ́n ti fi karosíìnì họ ọwọ́ wọn títí ó fi funfun. Máàmè Afua wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ àjíǹde. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà ni wọ́n dúró sí, nítorí kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n súnmọ́ ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ènìyàn wa rò pé ará àdúgbò tó wá wòran ni wọ́n.

Mo rí wọn láti abẹ́ ìbòrí mi. Mo fẹ́ pe àbúrò ìyá mi pé kó lọ mú wọn wá síwájú. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá la ẹnu lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọn á máa sọ títí ọdún á fi yí po, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ìyàwó tó ti lé lógójì. Mo tẹríba. Ọkọ ìyàwó náà tẹríba bí wọ́n ti kọ́ ọ, kò rí nǹkan kan. Nígbà tí oúnjẹ fi dé ẹ̀gbẹ́ ọgbà, wọ́n ti lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n mú mi dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. O mọ̀ pé obìnrin ilé ọkọ ló gbọ́dọ̀ bu omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ kó tó wọlé. Kò sí obìnrin kankan níbẹ̀. Àbúrò ìyá mi ní, "Ẹ jẹ́ ká má dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú," ó bu omi, ó fọ ẹsẹ̀ mi. Òun ló mú mi wá, òun náà ló gbà mí. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa. Mo wọlé.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, inú ilé wa dùn. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó, á máa wo ọwọ́ rẹ̀. Àkànní, mo rò pé èmi ni. Mo rò pé ó ti rí i pé àgbà obìnrin ló fẹ́, ó sì ti ń kábàámọ̀. Mo ń ṣa irú lọ́jọ́ kan, mi ò wo ojú rẹ̀, mo ní:

"Ṣé ọbẹ̀ mi ni kò dùn mọ́ yín lẹ́nu?"

"Ọbẹ̀ rẹ dùn."

"Ṣé èmi ni?"

"Ìwọ kọ́. Máàmè Afua kò gbé kókó dè mí mọ́ ní àárọ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ mú mi. Ògì gbígbóná ni wọ́n ń pè ní kókó níbí, kò sí òpópónà tí wọn kì í ti í tà á. Mo ní, "Èmi á máa se kókó fún yín."

"Kì í ṣe kókó ni mò ń wí, Rábí."

Ó wá sọ ọ́. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ dé ilé ìtẹ̀wé, tí ibà wó òun mọ́lẹ̀, yàrá Máàmè Afua ni òun dùbúlẹ̀ sí, Máàmè ló ń fi omi gbígbóná nu òun lára, tó ń fi ṣíbí bọ́ òun. Láti ìgbà náà ni kókó ti ń dúró de òun láràárọ̀, nínú agolo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Pàápá Kwaku ló kọ́ òun ní Twi, èébú ni ó kọ́kọ́ kọ́ òun. Láti ọjọ́ yìgì, kò sí agolo, kò sí èébú. Bí òun bá wọlé, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀." Wọ́n ní ẹni tí olóòtú jókòó lórí àga onítìmùtìmù níbi ìgbéyàwó rẹ̀ ti kúrò lẹ́gbẹ́ àwọn.

Mo ní, "Kí ni Máàmè fúnra wọn sọ?"

"Wọ́n béèrè lọ́wọ́ ará Krofrom pé ta ni ó fọ ẹsẹ̀ rẹ. Ẹni yẹn ní àbúrò ìyá rẹ ni. Wọ́n ní, 'Mo wà láyé, ẹlòmíràn fọ ẹsẹ̀ ìyàwó ọmọ mi.'"

Ọmọ Àṣáńtì ni Máàmè, ṣùgbọ́n àárín wa ló ti dàgbà, kò sí àṣà wa tí kò mọ̀. Mo bi í pé, "Kí ló dé tí ẹ fi sọ fún àwọn àgbà pé ẹ kò ní ẹnìkan?"

Ó ní, "Wọ́n ní ènìyàn mi. Mo rò pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń béèrè." Ó tún wo ọwọ́ rẹ̀. "Wọ́n ń wá ènìyàn nílé iṣẹ́ apákó. Mo ti ń rò ó pé kí n lọ."

Inú ilé ìtẹ̀wé yẹn ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀, ó sì fẹ́ lọ máa la igi nítorí ìgbéyàwó tèmi. Mi ò sùn dáadáa. Bí mo ti kírun àsùbáà tán, mo ró ìró tí mo fi ṣe ìyàwó, mo borí, mo gbé ìkòkò omi rù. Gbogbo ẹni tó ń gbálẹ̀ ní Krofrom ló ń bi mí pé, "Àmáríyà, ìyàwó tuntun, níbo lẹ̀ ń gbé omi lọ?" Mo tẹsẹ̀ mọ́rìn. Ẹ̀rù ń bà mí ju ọjọ́ yìgì lọ.

Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ ń ké. Mi ò kọjá ẹnu ọ̀nà. Mo sọ ìkòkò kalẹ̀, mo kúnlẹ̀. Pàápá Kwaku ló kọ́kọ́ rí mi.

"Obìnrin Oníkáún," ó ní, "bébà kò sí lónìí."

"Kì í ṣe bébà ni mo wá gbà, Pàápá. Ìyàwó ni mo wá ṣe."

"Èwo nínú rẹ̀? A gbọ́ pé ẹ ti ṣe é tán. Wọ́n ní mọ́sà ibẹ̀ dùn. A bi olóòtú, òun ló jẹ ẹ́."

Málàmù Ísá yíjú sí ògiri kí n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Máàmè Afua kò gbójú sókè. Eegun rẹ̀ ń lọ lórí bébà. Ó ní, "Ẹni tó ti wọlé ọkọ, kí ló tún ń wá lẹ́nu ọ̀nà?"

Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ sá lọ. Mo kàn ní, "Máàmè, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín, ẹsẹ̀ mi ṣì dọ̀tí."

"Wọ́n ní àbúrò ìyá rẹ ti fọ̀ ọ́."

"Ará ilé tèmi nìyẹn. Ará ilé ọkọ mi ò tíì fọ̀ ọ́."

Eegun dúró. Ọkọ mi ti gbọ́, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí: ó dá ẹ̀rọ dúró láàárín iṣẹ́. Ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Olóòtú sáré jáde láti iwájú, kálámù lẹ́yìn etí, ó ní, "Kí ló dé? Ṣé ẹ̀rọ bàjẹ́ ni?"

Pàápá Kwaku ní, "Rárá o, sà. À ń gba ìyàwó."

Máàmè Afua fi ọwọ́ ti orúnkún, ó dìde. Ó wá, ó ti ìka bọ inú omi mi. "Ó tutù. Ṣé ẹ fẹ́ kí ìyàwó ọmọ mi sá lọ ni?" Ó ní kí Málàmù Ísá gbé omi gbígbóná wá. Ó pò ó mọ́ tèmi, ó fa ẹsẹ̀ mi sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ tí yíǹkì kún. Bó ti ń fọ̀ ọ́ ni ó ń dúdú sí i.

"Máàmè," Málàmù Ísá ní, "ẹ̀ ń kùn ún ni, ẹ ò fọ̀ ọ́."

"Mo mọ̀. Kó lè mọ irú ilé tó wọ̀."

Ìgbà náà ni gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan olóòtú. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó tẹ̀ síwájú, ó béèrè pé, "Máàmè, Afua kí ni orúkọ yín ń jẹ́ gan-an?" Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ wà nílé kan. Mo rí i pé ojú tì í bó ti béèrè rẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ pé ó béèrè. Mo fi ẹsẹ̀ dúdú wọlé. Lọ́jọ́ kejì, agolo kókó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Pàápá Kwaku ti bú ọkọ mi kí ó tó mu ún tán. Kò sọ ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ apákó mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí, Àkànní.

Ní àárọ̀ ọ̀la, gba ẹ̀yìn wọlé. Má mú ìwé àti kálámù dání bí ẹni tó wá gba ìròyìn. Kí wọn, kí o sì dúró díẹ̀, títí wọn á fi bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Béèrè orúkọ ẹni tó ń to lẹ́tà, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń ṣẹ́ ẹ, ẹni tó ń rù ú, àti obìnrin tó ń gbálẹ̀ bí ó bá wà. Béèrè orúkọ wọn ní kíkún, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orúkọ àpèjẹ́ ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Má fi ẹ̀bùn ṣáájú ìkíni. Ẹ̀bùn dára, ṣùgbọ́n bó bá ṣáájú, wọ́n á rò pé o fẹ́ rán wọn níṣẹ́ ni.

Bí àṣìṣe bá jáde lábẹ́ orúkọ rẹ, má lọ pariwo lé ẹni tó tò ó lórí. O gba ìbínú yẹn lára bàbá rẹ, mo mọ̀ ọ́. Pàápá Kwaku sọ fún mi pé akọ̀ròyìn tó bá ń kí òun, bí ìwé rẹ̀ bá rí wúruwùru, òun á gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀, òun á wá ọ̀rọ̀ náà títí. Ẹni tí kì í kí òun, òun á tò ó bí òun ti rí i. Mo bi í bóyá ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kò tọ́, ṣùgbọ́n ojú òun ti ń dùn òun.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò wá kù. Mo mọ̀ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, o sì ń rò ó pé olóòtú á ní ta ni ọ́ tí o fi ń fi ènìyàn kún ènìyàn. Má sọ ọ́ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Lọ bá a lóun nìkan, sọ fún un pé àwọn tó wà lẹ́yìn náà ń ṣe ìwé ìròyìn yẹn, àti pé ẹni tó ń bọ̀ wá wo fọ́tò yóò béèrè wọn. Bó bá gbà, lọ sọ fún wọn ṣáájú, kí wọ́n lè họ ọwọ́, kí wọ́n sì mú aṣọ dáadáa wá láti ilé. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n bá ayafọ́tò lójijì nínú aṣọ iṣẹ́. Àwọn kan á kọ̀, wọ́n á ní àwọn kì í ṣe akọ̀wé. Má gbà fún wọn ní kíá. Ìtìjú ni, mo mọ ìtìjú dáadáa.

Bí olóòtú bá kọ̀, má bá a jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ayafọ́tò bá ṣe tiwọn tán, bẹ̀ ẹ́ kó ya ọ̀kan lẹ́yìn, kí ìwọ náà dúró sí i. Kọ̀wé sí mi, èmi ni n ó san án nínú káún. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí wọ́n gbé fọ́tò kan kọ́ sára ògiri, kí ẹnìkan tó ń gbé bébà kọjá lábẹ́ rẹ̀ láràárọ̀ máa wá ojú ara rẹ̀ níbẹ̀, kí ó má rí i.

Máa jẹun kí o tó jáde. Máa kírun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́. Ẹja tí wọ́n ń yan lẹ́bàá ọ̀nà ní Ákrà, wo ojú rẹ̀ kí o tó rà á. Ọmọbìnrin tí o mẹ́nu bà nínú lẹ́tà rẹ, tí o sì tètè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, mo rí i. Mi ò bi ọ́ ní nǹkan kan. Mo kàn ní mo rí i.

O pe ẹni tí mo fẹ́ ní "ọ̀gbẹ́ni yẹn". Kò dùn mí. Mi ò ní kí o pè é ní bàbá, ìwọ ní bàbá, èmi náà kò sì gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá wá sílé ní Iléyá, gba ẹ̀yìn wá bá a níbi iṣẹ́, kí o kí i níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀. Mo ti sọ fún Máàmè Afua pé ọmọ mi ń bọ̀. Ó ní òun á wò ó bóyá ó mọ ìkíni. Mo jẹ́wọ́ fún ọ, ọmọ mi, pé inú mi ń dùn láyé yìí. Mi ò rò pé mo tún lè máa gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà kí n sì sáré wo dígí. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o rí irú rẹ̀, kó má sì pẹ́ tó tèmi.

Bí mo ti ń kọ ibí yìí lọ́wọ́ ló wọlé, ó béèrè ta ni mò ń kọ̀wé sí tí bébà ilé fi tán. Mo ka ọ̀rọ̀ fọ́tò náà fún un. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o má ṣe fi àwọn tó ń to lẹ́tà sí ìlà ẹ̀yìn. Iṣẹ́ yẹn máa ń tẹ ènìyàn lẹ́yìn. Bí wọ́n bá dúró sẹ́yìn àwọn akọ̀wé, orí wọn kò ní yọ. Ó ní kí o gbé àga fún wọn níwájú.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rábíátù.